Ọjọ́ Tí Mi Ò Nájà ní Odò-Ògbè

Ẹ má bi mí ní ọ̀rọ̀ iṣu mọ́. Ẹni tó bá sì tún pè mí ní "Gáfìn" níwájú ọmọbìnrin, èmi àti onítọ̀hún ni.

Ẹ ṣáà mọ bí mo ṣe dé ẹ̀ka tí mo wà ní yunifásítì. Lọ́ọ̀ ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù, Sociology, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Títí di òní, màmá mi ń sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé "ó ń kọ́ nípa sósà", àwọn yẹn sì gbà pé iṣẹ́ ká máa ṣètò òde ìnáwó ni. Ẹ̀gbọ́n màmá mi kan tiẹ̀ pè mí lọ́dún tó kọjá pé kí n bá àwọn wá olórin fún òkú bàbá ọkọ wọn. Mo bá wọn wá a. Kí ni ǹ bá ṣe?

Ọ̀rọ̀ iṣu yìí, onímọ̀ Sociology kan, ará Amẹ́ríkà, ló dá a sílẹ̀, Harold Garfinkel. Ó gbé ìwé kan jáde lọ́dún 1967, ohun tó ń sọ níbẹ̀ ni pé àwọn òfin tó so àwùjọ ró, ojú kì í rí wọn, àfi tí ẹnì kan bá rú wọn. Ló bá ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ máa rú wọn. Ó ní kí àwọn kan délé òbí wọn kí wọ́n máa ṣe bí àlejò tó háyà yàrá. Ó ní kí àwọn mìíràn lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí iye owó ti wà lára ọjà, kí wọ́n lọ máa ná an.

Olùkọ́ wa ní ká pín ara wa ní mẹ́rin-mẹ́rin, ká lọ ṣe tiwa. Èmi ọlọ́pọlọ pípé ni mo kọ́kọ́ lanu. Mo ní ti ilé òbí ò ṣe é ṣe: bí mo bá dé Iléṣà tí mo sọ fún màmá mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè jókòó sórí àga yín?", ilẹ̀ ọjọ́ náà ò ní ṣú kí wọ́n tó gbé mi dé orí òkè àdúrà. Mo wá ní, níná lòyìnbó fi ń rúfin. Tiwa, níná gan-an lòfin. Ká lọ sọ́jà, kí wọ́n pe iye, ká sanwó, ká máa lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹni tó pàtẹ́wọ́ jù nínú wọn ni ọ̀rẹ́ mi tá à ń pè ní Akọ̀wé. Ẹ fi í sọ́kàn, mò ń bọ̀ wá bá a.

₦9,000 la dá jọ. A wọkọ̀ ní géètì, ó di ọjà Odò-Ògbè ní Ifẹ̀. Mo rí màmá kan tó to iṣu ní mẹ́ta-mẹ́ta, mo kí wọn, mo nawọ́ sí ìpín kan.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ni, ọmọ mi."

"Ó dáa, mà." Mo na owó sí wọn.

Mo ti gbọ́ ìdákẹ́rọ́rọ́ rí o. Mo wà ní gbọ̀ngàn ìdánwò lọ́jọ́ tí gbogbo wa jọ ṣí ìbéèrè Statistics. Ìyẹn ò tó eléyìí. Ọ̀bẹ tí màmá fi ń họ irun ara iṣu dúró lójú afẹ́fẹ́. Ìyá aláta ẹ̀gbẹ́ wọn gbàgbé omi tó ń wọ́n sí ata. Mo búra, ewúrẹ́ kan tó ń jẹ èèpo gbójú sókè wò mí.

"O ò ní ná an?"

"Rárá, mà."

Wọ́n wo owó, wọ́n wo iṣu, wọ́n wo ojú mi. Ó wá jọ pé wọ́n rò pé àwọn ti pè é kéré jù. "Ẹ̀n-ẹ́n... ẹgbẹ̀rún méjìlá ni mo fẹ́ wí." Garfinkel ò kọ ti ìyẹn síwèé! Mo ní, "Mà, mẹ́sàn-án lẹ pè." Ni wọ́n bá gba owó náà, wọ́n gbé e sójú oòrùn, wọ́n fi ọwọ́ ra á, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ n tún un wí: wọ́n gbóòórùn owó. Ni wọ́n bá jù ú padà sí mi láyà.

"Gbé owó rẹ! Owó rẹ ò ní wọnú owó mi, lórúkọ Jésù!"

Ìyá aláta ṣe àmín. Ẹ sì mọ ayé tá a wà, ọmọkùnrin tí kò bá nájà, yálà owó ayédèrú ló mú dání, tàbí ó jẹ́ ọmọ Yahoo tó ti fi nǹkan sí i. Èmi tí mo fi okùn so etí sálúbàtà mi!

Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pé lé wa lórí. "Kí ló ṣe?"

"Kò nájà!"

"Kò ná kí ni?"

"Mo pè é, ó ní ó dáa!"

Alábàárù kan sọ ẹrù kalẹ̀ kó lè gbọ́ ọ dáadáa. Láti 1895 ni Durkheim, àgbà ọ̀jẹ̀ kan nínú Sociology, ti kọ ọ́ pé òfin àwùjọ máa ń ti ìta wá, tí á sì fipá mú èèyàn. Mo rí i lọ́jọ́ náà. Ó ró ìró àǹkárá, ó mú ọ̀bẹ dání.

Òpònú tó ń jẹ́ èmi wá là á yé wọn. "Ẹ má bínú mà, iṣẹ́ ilé-ìwé ni. Garfinkel ló ní ká máa ṣe bẹ́ẹ̀."

"Gáfìn kí ni? Ṣé òun ni ọ̀gá yín nínú ẹgbẹ́?"

"Ó ti kú, mà. Láti 2011."

"Yéè! Òkú ló rán an níṣẹ́! Òkú ló ní kó wá ra iṣu!"

Ifẹ̀ Oòyè, ibi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, ibẹ̀ lọ̀sán ti dòru mọ́ mi lójú.

Mo yíjú wá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Méjì ti sá. Mi ò bá wọn wí, ara wọn ò lè gba ẹgba. Akọ̀wé ńkọ́? Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlẹ́pà, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń kọ̀wé. Mo ṣẹ́jú sí i, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ké pé, "Ẹ bi í, àwa la jọ wá!" Akọ̀wé bojú wẹ̀yìn, bíi pé ẹni tó wà lẹ́yìn òun ni mò ń bá wí. Nígbà tó yá ló ní olùṣàkíyèsí kì í dá sí ọ̀rọ̀, pé yóò ba dátà jẹ́. Mo ka ìwé tó kọ. "Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú: olùdánwò bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn." Olùdánwò! Èmi tá a jọ ń sùn ní yàrá kan!

Ìyá aláta ló gbà mí. Wọ́n ní, "Tó bá jẹ́ èèyàn ni, kó ná an ká rí i." Gbogbo ọjà dákẹ́. Oníṣu pe ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án àbọ̀," ni mo wí.

"Háà!" Ariwo ta. Ẹnì kan bèèrè bóyá ìyá kankan ló tọ́ mi. Ìyá aláta rọra sọ sí mi létí pé kí n ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Mo ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Oníṣu pòṣé, wọ́n ní ṣé iṣu tí wọ́n jí wà ni, àmọ́ mo rí i tí ẹ̀rín yọ lẹ́nu wọn. Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó ku díẹ̀, àwọn èrò ní, "Máa lọ, máa lọ, wọ́n á pè ọ́." Mo lọ lóòótọ́. Mo ti kọjá ìsọ̀ mẹ́rin, mo ń gbèrò àtisáré, kí wọ́n tó pariwo pé, "Gáfìn! Wá mú un ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ààbọ̀!" Wọ́n fi iṣu kékeré kan ṣe èènì, wọ́n sì gbàdúrà pé màá kàwé náà já.

Máàkì dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Akọ̀wé gba 17 nínú 20, olùkọ́ ní àkọsílẹ̀ rẹ̀ kún rẹ́rẹ́. Èmi tí wọ́n gbóòórùn owó mi gba 11, torí pé olùdánwò ò dúró ti ìdánwò rẹ̀, ó lọ nájà.

Ṣéńjì ₦3,500 náà wà lọ́wọ́ Akọ̀wé. Ó ní òun ṣì ń ṣàkíyèsí rẹ̀.