Àyẹ̀wò Ọdún Mi: Hóró Ápù 40 àti Oorun Irúgbìn Orí Òkè

Bí ọdún 2025 ṣe ń kógbá sílé yìí, tí mo jókòó láti ṣírò ohun tí mo fi ọjọ́ rẹ̀ ṣe, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe owó tí ó wọlé tàbí èyí tí ó jáde, bí kò ṣe hóró ápù 40 tí mo yọ nínú èso tí mo rà ní ọjà Oyíngbò ní oṣù Ṣẹ́rẹ́. Iṣẹ́ olùkọ́ bàọ́lọ́jì ni mò ń ṣe ní Ẹ̀búté Mẹ́ta. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ayé ń gbóná, ṣùgbọ́n ọdún yìí ni mo tó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ fún hóró kan ṣoṣo tí ó wà nínú ilẹ̀, tí ó ń retí àkókò rẹ̀.

Àwa tí a ń ra ápù nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Ojúẹlẹ́gba kì í sábà rántí pé igi orí òkè ni. Orírun rẹ̀ ni àwọn òkè Tian Shan ní àárín gbùngbùn Éṣíà, níbi tí ápù ìgbẹ́ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Malus sieversii ṣì wà nínú igbó títí di òní. Nikolai Vavilov, ọmọ Rọ́ṣíà tí ó fi ayé rẹ̀ kó irúgbìn jọ, dé ìlú Alma-Ata (Almaty ti òde òní, ní Kazakhstan) ní ọdún 1929, ó rí igbó ápù ní ẹsẹ̀ òkè níbẹ̀, ó sì sọ pé ibẹ̀ ni ápù ti ṣẹ̀ wá. Àyẹ̀wò jíìnì ti fi hàn lẹ́yìn náà pé òótọ́ ni.

Nítorí pé ibi tí òtútù ti ń pani ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti gbé, hóró ápù kì í hù lọ́jọ́ tí ó bá bọ́ sílẹ̀. Ohun kan ń bẹ nínú rẹ̀ tí ó dè é mọ́lẹ̀, òtútù pẹ̀lú ọ̀rinrin ló sì ń tú u díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n bíi 4°C, fún nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta. Àwọn tí ń gbin igi igbá, èyí tí a fi hóró rẹ̀ ṣe irú, mọ̀ pé èèpo rẹ̀ le, pé omi gbígbóná ni ó yẹ kí wọ́n dà sí i kí ó tó lè fa omi mu. Òdìkejì èyí gan-an ni hóró orí òkè ń fẹ́, kò sì sí oṣù kan nínú ọdún tí Èkó lè fún un.

Mo fọ yanrìn, mo fi omi rin ín níwọ̀nba, mo sì pín hóró náà sínú ọ̀rá méjì. Mo gbé 20 sínú fìríìjì mi, mo sì gbé 20 tó kù fún Ìyá Ìbejì tí ó ń ta omi tútù àti mínírà nísàlẹ̀ ilé wa, ẹni tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kì í sinmi nítorí ọjà rẹ̀. Ó yí ọ̀rá náà síwá sẹ́yìn, ó ní, “Tíṣà, èmi ò rí i rí kí wọ́n máa fi irúgbìn sí òtútù o. Ṣé kò ní kú?” Mo ní, “Mà, òtútù yẹn gan-an ló ń dúró dè.” Ó tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ fìríìjì tí ó fi ń tọ́jú oúnjẹ ilé, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ní ọ̀dọ̀ tèmi, iná kò dúró sójú kan. Lọ́jọ́ tí ó bá wà, ohun èlò tí mo fi ń wọn ìgbóná á kà 4 ní òwúrọ̀. Bí wọ́n bá mú un lọ fún ọjọ́ méjì, á ti ka 27 kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Nígbà tí mo tú ọ̀rá mi ní oṣù Igbe, yanrìn náà ti ń rùn kíkan. Hóró méjì ti yọ gbòǹgbò funfun tí kò gùn ju èékánná lọ, orí gbòǹgbò náà ti dúdú, èéhù sì ti bò ó bí òwú. Àwọn 18 yòókù wà bí mo ṣe fi wọ́n síbẹ̀, wọ́n pọ́n, wọ́n ń dán, wọ́n le. Mo fi abẹ gé ọ̀kan: inú rẹ̀ funfun, kò kú rárá. Hóró ápù tí ooru bá bá lójú oorun kí òtútù rẹ̀ tó pé lè padà sùn wọra, kí ó sì tún máa béèrè òtútù mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ọ̀rá Ìyá Ìbejì, 13 ló ti yọ gbòǹgbò.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ nípa òkè, ibẹ̀ ni mo sì ti rí i pé ohun tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ mi tẹ́lẹ̀ kò pé. Mo máa ń sọ pé ooru yóò jó ewéko orí òkè. Fún irúgbìn, ọ̀rọ̀ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ: ooru ń yí ọjọ́ ìjí rẹ̀ padà. Púpọ̀ nínú òdòdó òkè Alps ní Yúróòpù ń gbó ní oṣù Ògún àti Ọ̀wẹ́wẹ́. Bí hóró bá bọ́ sílẹ̀ tí ilẹ̀ sì tètè tutù, yóò sùn títí òjò dídì yóò fi yọ́ ní ìgbà ìrúwé, yóò wá jí sínú omi àti oòrùn. Ṣùgbọ́n bí ooru bá pẹ́ kí ó tó kúrò nílẹ̀, àwọn tí oorun wọn kò wọra á hù lójú ẹsẹ̀. Àwọn olùwádìí ní Ítálì tẹ ìwádìí jáde ní ọdún 2012 pé bí wọ́n ṣe fi kún ìgbóná ìgbà ìwọ́wé, bẹ́ẹ̀ ni hóró tí ó ń hù ṣáájú òtútù ṣe ń pọ̀ sí i. Àwa Yorùbá a máa yin ẹni tí ó bá tètè jí. Èhù tí ó ní ewé méjì péré nígbà tí ilẹ̀ bá dì kò rí irú ìyìn bẹ́ẹ̀ gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí òjò dídì bá tètè bò lè yè, kí ó sì ṣáájú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún tó ń bọ̀.

Òjò dídì yìí ni ó yà mí lẹ́nu jù. Èmi tí n kò rí i rí rò pé òun ni òtútù fúnra rẹ̀. Aṣọ ìbora ni. Bí afẹ́fẹ́ òkè bá tilẹ̀ tutù dé -20°C, ilẹ̀ tí òjò dídì tó nípọn bò kì í jìnnà sí 0°C. Nítorí náà, ìgbà òtútù tí kò tutù tó bẹ́ẹ̀, tí òjò dídì rẹ̀ sì tín-ín-rín, lè mú kí èhù inú ilẹ̀ rí òtútù ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí n tó lè ṣàlàyé èyí ní kíláàsì, títí tí ọmọbìnrin kan fi fi wé ẹni tí wọ́n ká aṣọ ìbora lára rẹ̀ ní òru ọyẹ́.

Ibi tí ó dùn mí dé ọkàn ni ti àwọn ewéko tí ọjọ́ orí wọn gùn. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Silene acaulis, ó máa ń rọra gbilẹ̀ bí ìrọ̀rí kékeré lórí àpáta, ó sì lè lo ju 300 ọdún lọ. Ẹni tí ó bá gun òkè náà lónìí yóò rí i tí ó tanná, yóò sọ pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ìdúró ìyá kò sọ bóyá ọmọ ń bẹ lẹ́yìn. Agbo ilé tí ó kún fún arúgbó, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ igbe ọmọ tuntun níbẹ̀ fún ogójì ọdún, a kò lè pè é ní ilé tó dúró. Láàárín àkókò yìí, àwọn ewéko ìsàlẹ̀ ń gun òkè bọ̀: lórí ṣóńṣó òkè 302 ní Yúróòpù, iye irú ewéko tí ó ń kún orí wọn láàárín 2007 sí 2016 tó ìlọ́po márùn-ún ti 1957 sí 1966. Àwọn onílé tí ó wà ní ṣóńṣó kò ní òkè mìíràn tí wọn yóò gùn.

Wọ́n ń kó irúgbìn pamọ́ sí ilé òtútù, mo sì dúpẹ́ fún un. Ti Millennium Seed Bank ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà ní -20°C. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, ń tọ́jú nǹkan bí 15,000 oríṣi ẹ̀wà. Síbẹ̀, ìwádìí ti fi hàn pé irúgbìn òkè Alps máa ń tètè gbó nínú ìpamọ́ ju ti ilẹ̀ pẹrẹsẹ lọ, nítorí náà a kò lè kó wọn síbẹ̀ kí a gbàgbé wọn.

Mo pín èhù 13 náà fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Méjì ló kù láàyè, wọ́n wà lójú fèrèsé mi, èyí tó ga jù tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ewé rẹ̀ ti ń ká ní etí nítorí ọyẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 28 oṣù Ọ̀pẹ, mo gbé hóró 30 mìíràn lọ bá Ìyá Ìbejì, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti pàlẹ̀ mọ́ fún un kí n tó dé. A kọ ọjọ́ sára ọ̀rá, ó sì ní kí n wá kí wọn ní gbogbo ọjọ́ Àìkú títí oṣù Ẹrẹ́nà yóò fi dé.