Ẹ Má Wá Àpá Lórí Mi

Ọpẹ́ ni fún Olódùmarè tí kò jẹ́ kí ojú mi fọ́, tí kò sì jẹ́ kí ọ̀tá yọ̀ mí. Mo ti pinnu pé n kò ní kọ ohunkóhun nípa ọ̀rọ̀ yìí títí àwọn dókítà yóò fi wo àwòrán tí wọ́n yà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ti wò ó. Kókó abẹ́ ọpọlọ mi kì í ṣe jẹjẹrẹ, wọ́n ti yọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìwọ̀nba tí ó kù ni wọn yóò sì máa fi àwòrán ṣọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Mọ́kọ́lá ni ẹlẹ́rìí mi. Ẹ rí i bí mo ṣe ń fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn, tí àwọn ọmọṣẹ́ sì rò pé ìbínú ni mo fi ń kọjá lára wọn láìdáhùn ìkíni. Níbì kan, wọ́n pààrọ̀ awò ojú mi, wọ́n tún un pààrọ̀, wọ́n ní àgbà ló dé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́ láìsí wàhálà! Iwájú ni mò ń rí. Ẹ̀gbẹ́ òsì àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni kò sí mọ́.

Dókítà ojú tí Ọlọ́run wá lò fún mi kéré sí àkọ́bí mi. Kò mú awò kankan jáde. Ó jókòó kojú sí mi, ó ní, "Màmá, ẹ fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún, ẹ tẹjú mọ́ imú mi, kí ẹ sì sọ iye ìka tí mo nà sókè." Mo dúró kí ó na ìka. Nígbà tí ó pẹ́, mo ní, "Dókítà, ẹ ò tíì na nǹkan kan." Kò dáhùn. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń fa ọwọ́ rẹ̀ bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, àfi ìgbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé iwájú imú rẹ̀ ni mo tó rí i pé ìka méjì ti wà lókè láti ọjọ́ yìí. Ara mi tutù. Ó ṣe ojú kejì, bákan náà ni. Ó wá ṣàlàyé pé àwọn iṣan tí ó ń bọ̀ láti ojú méjèèjì máa ń pàdé lórí ẹ̀yà ara kan lábẹ́ ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní pituitary, tí kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ, àti pé bí kókó bá hù níbẹ̀, tí ó sì ń ti àwọn iṣan náà láti ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni ìríran ti kọ́kọ́ máa ń lọ. Ọjọ́ náà gan-an ni ó kọ lẹ́tà lé mi lọ́wọ́, tí ó sì pe ọ̀gá rẹ̀ kan ní ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn kí wọ́n má baà dá mi dúró. Ọmọ mi, o ní kí n má dárúkọ rẹ, n kò dá a. Ìwọ náà kò ní wá olùrànlọ́wọ́ tì.

Kí àwọn ará ilé tó gbọ́ tán, wọ́n ti ní ọfà ni. Àwọn kan ní kí a ta ilẹ̀, kí a gbé mi lọ sí Íńdíà, bí ẹni pé Látúndé Ọdẹ́kú, ọmọ Awẹ́, kò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ nínú Ìbàdàn yìí kan náà láti ọdún 1962.

Ihò imú ni àwọn dókítà gbà wọlé láti yọ kókó náà, wọn kò fá irun mi. Èyí ni ó wá di ẹ̀sùn. Àwọn tí ó wá kí mi ń yọjú wo abẹ́ gèlè, wọ́n ń wá àpá, ẹnìkan sì sọ ọ́ káàkiri pé irọ́ ni mo fi gba owó ìrànwọ́. Kò rí mi nígbà tí wọ́n fi nǹkan dí imú mi, tí ẹnu ni mo fi ń mí, tí wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fun imú, n kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀, tí wọ́n sì ń wọn ìtọ̀ mi tọ̀sán-tòru.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí, bí ẹ kò tilẹ̀ bi mí. Obìnrin tí kò fún ọmọ lọ́mú, tí wàrà ń jáde lọ́yàn rẹ̀, tí nǹkan oṣù rẹ̀ sì dúró láìsí oyún, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó sọ fún un pé iṣẹ́ ayé ni. Bí ó bá jẹ́ pé irú kókó pituitary tí ó máa ń mú wàrà jáde ló fà á, oògùn lílò nìkan máa ń tó fún ọ̀pọ̀. Ẹni tí wọ́n bá sì fún ní hydrocortisone bíi tèmi, oògùn tí ó ń rọ́pò ohun tí ara kò lè pèsè tó mọ́, kí ó má ṣe dá a dúró lójijì nítorí àgbo ẹnikẹ́ni. Dídá a dúró bẹ́ẹ̀ lè pa ènìyàn.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ dáwó, àti ẹ̀yin tí ẹ gba àwẹ̀. Ní ti ẹni tí ó rán ènìyàn wá béèrè iye tí a fẹ́ ta màṣíìnì mi nígbà tí mo ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, iṣẹ́ rẹ dé etí mi. N kò tà á. Bùbá àti ìró rẹ ti wà ní rírán, kí o mú owó tí ó kù dání bí o bá ń bọ̀.