Igi gìtá mẹ́ta ló ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó gbọ́n

Ojú mi rí màbo lórí bí wọ́n ṣe ń tẹ igi pẹlẹbẹ di ẹ̀gbẹ́ gìtá yìí o, ẹ jẹ́ n sọ ọ́, ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lè rí nǹkan mú níbẹ̀.

Ọ̀gànwó ni mo rà ní Bódìjà, mo fá a kù sí mìlímítà 2.5, mo wá rẹ ẹ́ sómi mọ́jú torí mo rò pé omi ló ń mú igi rọ̀. Irọ́ ni jàre. Bí mo ṣe gbé e lé páìpù gbígbóná, etí ẹ̀ ká sókè bí ewé tó gbẹ, mo tẹ̀ ẹ́ níbi ìbàdí, ibi tí gìtá ti wọnú láàárín, báyìí, kà! Èkejì náà ṣẹ́. Ìbínú ni mo fi tẹ ẹ̀kẹta, ẹ ti mọ bó ṣe parí.

Bàbá káfíńtà kan ní Mọ́kọ́lá ló gbé èyí tó ṣẹ́ wò, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò wo ìlà inú igi kó o tó sanwó?" Ìlà yẹn gbọ́dọ̀ gùn gbọọrọ láti orí dé ìdí, ibi tó bá ti já sétí, ibẹ̀ náà ló máa ti ṣẹ́.

Ooru ló ń tẹ igi. Nǹkan kan wà nínú igi tó so ó pọ̀ bíi gúlúù, tó bá gbóná dáadáa ló ń rọ̀, omi kàn ń bá ooru wọlé ni, kì í sì í jẹ́ kí igi tètè jóná. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni mo ń rẹ ẹ́ báyìí, mo sì ń fá a dé mìlímítà 2, ẹ má fojú kéré ìdajì mìlímítà yẹn o. Sáléńsà mọ́tò àlòkù tí mo rà ní Gate ni páìpù mi, èédú ni mo ń kó sínú ẹ̀, torí NEPA lè mú iná lọ nígbà tó o bá tẹ igi dé àárín, ìta gbangba ni mo sì ti ń ṣe é. Ta omi sí páìpù lára: tí omi yẹn bá ń fò kiri, ó ti yá. Ìbàdí ni kó o kọ́kọ́ tẹ̀, fi páànù tẹ́ẹ́rẹ́ ti ẹ̀yìn ẹ̀, má fipá tẹ̀ ẹ́, dúró títí igi á fi gbà fún ẹ.

Tó o bá tẹ̀ ẹ́ tán, dè é mọ́ móòdù, ìyẹn igi tí wọ́n gé bí gìtá ṣe rí, kó sùn síbẹ̀. Mo tú ọ̀kan lẹ́yìn wákàtí méjì torí kọ́sítọ́mà ń pè mí ṣáá, ló bá ṣí padà.

Àwọn mẹ́ta tó ṣẹ́ yẹn? Ìyá ìyàwó mi ti fi wọ́n dáná àmàlà.