Abẹ́rẹ́ tí Bàbá nà sí mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ níṣẹ́, pàápàá tí ọmọ náà bá já fáfá, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ.

Ọmọ ọdún 9 ni mí nígbà tí wọ́n fà mí lé Bàbá lọ́wọ́ ní Òde Oǹdó kí n wá kọ́ Ifá. Kí n tó pé ọdún 12, mo ti ń ki ẹsẹ Ifá tí àwọn tó ṣáájú mi ò tíì dé ìdí ẹ̀. Lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá, èmi ni àwọn àgbà awo máa ń ní kó ki í, wọ́n á sì máa gbè mí.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ni pé n kì í rí ohun tó bá sún mọ́ mi. Mo lè dá ẹni tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà níwájú mi gan-an, ṣe ló máa ń dàrú mọ́ mi lójú. Ọ̀pẹ̀lẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí a fi ń dífá, ò yọ mí lẹ́nu: èso 8 ló wà lára rẹ̀, 4 lọ́tùn-ún, 4 lósì. Màá fọwọ́ kàn án bí ẹni tó ń tò ó, ìka mi á ti mọ èyí tó ṣí àti èyí tó dojú bolẹ̀. Ọpọ́n Ifá ló le. Nínú ìyẹ̀rosùn, ìyẹ̀fun tí wọ́n ń dà sójú ọpọ́n, bí Bàbá bá fi ìka méjì tẹ odù, ìyẹn àmì Ifá, ọ̀kan ni mo máa ń rí. Nítorí náà, màá jìnnà díẹ̀, màá máa ka ìka Bàbá bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin oníṣòwò kan wá. Bàbá rán mi lọ ra orógbó, kí n tó dé, ó ti tẹ̀ ẹ́ tán. Ó ní, "Jókòó, ki í." Mo wo ọpọ́n, ojú kọ̀ọ̀kan ni mo rí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki Èjì Ogbè, odù tí gbogbo ojú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwòrì Méjì ló wà níbẹ̀, èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ méjì-méjì lókè àti nísàlẹ̀.

Bàbá ò bá mi wí lójú àlejò. Ó ní, "Ó tó," ó sì gbà á lẹ́nu mi, ó ki í fúnra rẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ó na abẹ́rẹ́ àti òwú funfun sí mi: "Bá mi ti òwú bọ̀ ọ́." Iṣẹ́ ọmọdé nìyẹn nílé gbogbo. Mo fi itọ́ lọ́ ẹnu òwú náà títí ó fi fọ́n, n ò rí ihò. Ẹkún gbọ̀n mí.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti dé, Bàbá."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún wọn pé n kì í ṣì í."

Bàbá sorí kọ́. Lọ́jọ́ kejì, a wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́, wọ́n sì fún mi ní awò ojú.

Ìyìn ló pa mí lẹ́nu mọ́, kì í ṣe ìbẹ̀rù ẹgba. Ẹ má dúró di ọjọ́ tí ọmọ bá kùnà kí ẹ tó bi í léèrè. Ọjọ́ tó bá ṣe é dáadáa gan-an ni kí ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ béèrè ohun tó ń ni í lára. Ìwọ ọmọ tí wọ́n ń yìn, wá ẹnì kan ṣoṣo, kí o sọ ọ́ fún un lónìí.

Ọmọ 3 ló wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Odù 256 ló wà níwájú wọn, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àti òwú ni mo kọ́kọ́ gbé fún wọn. Èyí tó kéré jù ti tirẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Èyí àárín gbà á, ó fún ojú pọ̀, ó ní, "Bàbá, n ò rí ihò rẹ̀."

Mo dìde, mo mú fìlà mi, a jọ wọkọ̀ Àkúrẹ́.