Òtútù oṣù keje

Ẹ gbà mí o, òtútù fẹ́ẹ̀ pa mí lóṣù keje! Tokyo tí mo ti ń bọ̀ ń gbóná bí ààrò, àmọ́ bí ọkọ̀ ojú irin Koumi ṣe gbé wa dé Nobeyama, súwẹ́tà ni mò ń wá. Ibùdókọ̀ yẹn fi mítà 1,345 ga ju òkun lọ. Nínú gbogbo ibùdókọ̀ JR, ìyẹn àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ńlá Japan, kò sí èyí tó ga tó o. Ìpínlẹ̀ Nagano nìyẹn: òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì, ìpínlẹ̀ mẹ́jọ ló yí i ká, kò sì ní etíkun rárá.

Òtútù yìí náà ni wọ́n fi ń jẹun. Nígbà tí ooru bá ba ewé sàláàdì jẹ́ nísàlẹ̀, ti abúlé Kawakami ló ń bọ́ ọjà. Ọmọkùnrin ará Vietnam kan jókòó tì mí, oje ewé ti sọ èékánná rẹ̀ dúdú. Ó ní òru làwọn ń wọ oko, iná lórí, ọ̀bẹ lọ́wọ́, kí ewé má baà rọ. Bí ìgbà òtútù bá dé, ilẹ̀ á dì gbagidi, iṣẹ́ tán.

Ètò ìkọ́ṣẹ́ fún àwọn àjèjì, tí ìjọba Japan dá sílẹ̀ ní 1993, ló gbé e wá. Lójú tèmi o, alágbàṣe ni wọ́n ń wá. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé ti ṣí lọ sígboro. Òfin 2024 máa fi ètò mìíràn rọ́pò rẹ̀ ní 2027, tí pípààrọ̀ ọ̀gá á fi rọrùn díẹ̀.

Mo bi í bóyá òun náà ń jẹ sàláàdì. Ó bú sẹ́rìn-ín: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dárúkọ ẹ̀ sí mi létí!”