Àyẹ̀wò Ọdún Mi: Ìtàn Tọkọtaya Tó Ṣẹ́kù Sílé

Ọdún ti fẹ́ parí, mo dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà. Ọjà ò rọrùn, ọkọ mi fẹ̀yìn tì, àbíkẹ́yìn wa náà ti kó jáde nílé. Nǹkan tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ kí ọdún tó yí ni ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé obìnrin kan bá wa sọ nígbà òjò, nínú gbọ̀ngàn kékeré kan ní Bódìjà, n'Íbàdàn. Ó sọ̀rọ̀ lórí bí ìwé ìtàn àròsọ ṣe ń wo ìgbéyàwó àwọn tó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún. Látìgbà náà, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Ó ní ọ̀pọ̀ ìwé ló máa ń sáré dé ibi ìgbéyàwó, tí wọ́n á sì dúró síbẹ̀. Òmíràn ò ní bẹ̀rẹ̀ àfi tí ilé bá ti dàrú. Ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n ọdún tó wà láàárín méjèèjì ńkọ́? Owó ilé-ìwé, àìsàn òbí, ilé tí wọ́n ń kọ́ díẹ̀díẹ̀, ìbínú tí ẹnikẹ́ni ò sọ síta títí tó fi di ara ilé: ibẹ̀ ni òun ń wá ìtàn sí.

Ìwé tó fà yọ jù lọ ni *Une si longue lettre* (Lẹ́tà Gígùn Kan) tí Mariama Bâ, òǹkọ̀wé obìnrin ará Sẹ̀nẹ̀gà, kọ. Dakar ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde lédè Faransé ní 1979. Ó gba ẹ̀bùn Noma, tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Áfíríkà, ní 1980, òun sì ni ìwé àkọ́kọ́ tó gbà á. Mariama Bâ kú ní 1981, ọdún kan náà tí ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Modupé Bodé-Thomas ṣe jáde. Bí mo ṣe délé lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo lọ wá ẹ̀dà tèmi jáde lábẹ́ àwọn ìwé àwọn ọmọ.

Ọlọ́mọ méjìlá ni Ramatoulaye, obìnrin tó ń sọ ìtàn náà. Lẹ́yìn ọdún 25, ọkọ rẹ̀ lọ fẹ́ ọmọbìnrin tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọmọ wọn. Ọkọ yìí ò wá sọ fún un fúnra rẹ̀. Arákùnrin rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti lèmọ́ọ̀mù ló rán wá. Àwọn yẹn yí ọ̀rọ̀ po títí kó tó di pé wọ́n là á mọ́lẹ̀. Ohun tí Ramatoulaye ṣe ni mo kà léraléra: ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó fún wọn lóhun mímu, ó sì sìn wọ́n jáde. Obìnrin tó bá ti pẹ́ nílé ọkọ mọ irú ẹ̀rín yẹn. Kò ní jẹ́ kí àlejò rí omijé òun, kí wọ́n má baà rí nǹkan ròyìn. Mo fẹ́ràn ibòmíràn níbẹ̀ bákan náà, ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Aïssatou ti ra ọkọ̀ Fiat 125 fún un, tí ìyá yìí sì kọ́ mọ́tò wíwà pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ayé obìnrin náà tún bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ ohun kan wà tí mo fẹ́ sọ gbangba. Ó ti tó gẹ́ẹ́ kí ìtàn ìgbéyàwó wa máa dúró de ẹnì kẹta. *Stay With Me* tí Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ gbé jáde ní 2017 náà, orogún ló fi wọlé: Ìléṣà ni, ní 1985, àwọn ẹbí mú ìyàwó kejì wá torí Yéjídé ò tíì bímọ. Ìwé ńlá ni, ó sì ṣe ohun kan tó wù mí gan-an: Yéjídé sọ tẹnu rẹ̀, Akin ọkọ rẹ̀ náà sọ tirẹ̀. Nínú ìwé Mariama Bâ, ìyàwó nìkan là ń gbọ́, ọkọ ti kú. Ṣùgbọ́n ta ló máa kọ ìtàn àwọn méjì tí ẹnikẹ́ni ò wá bá, tí ọmọ ti lọ tán, tí wọ́n kàn ń wo ara wọn?

Bàbá kan ló bá mi bi í lọ́jọ́ náà. Ó dìde nígbà ìbéèrè, ó ṣí fìlà, ó ní: “Ìyàwó mi lọ wẹ ọmọ fún ọmọ wa ní Houston. A parí ti àkọ́kọ́, òmíràn tún dé. A ò jà o. Ojoojúmọ́ là ń sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ẹ ò ní kọ tiwa ni?”

Òǹkọ̀wé náà ò dáhùn. Ó béèrè ni: “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́ sà, kí lẹ máa ń jẹ lálẹ́?”

“Ẹ̀bà ni. Mo ti mọ ọbẹ̀ ilá sè báyìí.”

“Ta ló kọ́ yín, sà?”

“Òun náà kúkú ni. Ó ní kí n gbé fóònù sún mọ́ ìkòkò kí òun rí i bóyá ó ti jinná.”

Òǹkọ̀wé náà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lójú wa. Mo rò pé ohun tó wá kọ́ wa gan-an nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nínú ọ̀rọ̀ tó kọ wá.

Ọkọ mi pé ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ ọba lọ́dún yìí, ìjọba sì ní kó máa bọ̀ nílé. Ó wà nílé báyìí láti àárọ̀ dalẹ́, èmi náà sì ń kọ́ bá a ṣe ń ṣe é. Mo ka ibi àlejò mẹ́ta yẹn sí i létí. Ó gbọ́ ọ parí, ó ní: “Mọ́mì, ọkùnrin yẹn ò tíì sọ tẹnu ẹ̀ o.” Mo ní: “Dádì, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ bá a sọ ọ́ ni?” La bá bẹ̀rẹ̀. Ó ní ó ṣeé ṣe kí ojú máa ti ọkọ náà. Mo ní ojú tó bá ń tì í ì bá má jẹ́ kó fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. A ò tíì jiyàn tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, inú mi sì dùn dé ọrùn. Nínú gbogbo ohun tí mo rí gbà lọ́dún yìí, alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fi síwájú.

Ẹgbẹ́ ìkàwé wa á bẹ̀rẹ̀ lóṣù kìíní, ìwé Mariama Bâ la ó kọ́kọ́ kà, a sì ti ní kí àwọn ọkọ náà wá. Èyí tó kù tí mò ń wá ni ìwé tí wọ́n fi Yorùbá kọ, tí tọkọtaya inú rẹ̀ ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí kò sí orogún níbẹ̀, tí kò sí olóògùn owó, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ àárín àwọn méjèèjì ló gbé e dúró. Kò pọn dandan kó parí síre. Ẹ bá mi kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ tí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá sì ń kọ ọ́ lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè parí rẹ̀.