Ata Kọ́ Ló Dá Ọgbẹ́ Sínú

Bi ẹni tí ọgbẹ́ inú, tí gbogbo wa ń pè ní ulcer, ń bá jà pé kí ló fà á, ìdáhùn kì í ju méjì lọ: ebi tàbí ata. Àwọn dókítà pàápàá gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún pé àròjù àti ásíìdì inú ló ń fà á. Ní 1979, ní ìlú Perth lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, dókítà Robin Warren rí kòkòrò kan tó lọ́ bí òkòtó lára ẹran inú àwọn aláìsàn, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n fi kọ́ gbogbo wọn ni pé kòkòrò kankan ò lè gbé inú ásíìdì. Òun àti dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀, Barry Marshall, gbìyànjú láti mú kó hù nínú àwo, kò hù. Ọjọ́ méjì ni wọ́n máa ń dúró kí wọ́n tó da àwo nù. Nígbà ìsinmi Àjíǹde 1982, àwo kan wà nílẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún. Kòkòrò hù! Ní 1984 Marshall fúnra rẹ̀ gbé e mu, ẹran inú ikùn rẹ̀ sì wú. Ẹ̀bùn Nobel tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ní 2005.

Ọjọ́ méjì yẹn ló dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ohun tí a sọ pé a ti dán wò, àwo rẹ̀ ni a tètè dà nù.

Bí o bá fẹ́ yẹ ohun tí o gbà gbọ́ wò, mú ìwé, kí o kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì tú u sí wẹ́wẹ́. “Ata ló ń fa ulcer” kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan: ohun tó dá ọgbẹ́ síbẹ̀ wà lọ́tọ̀, ohun tó ń ta á wà lọ́tọ̀. Fún ìkọ̀ọ̀kan ní máàkì lórí mẹ́wàá. Kọ ohun tí o bá rí tí máàkì náà yóò fi wálẹ̀, kí o tó lọ wádìí. Bó bá di ẹ̀yìn ìwádìí, àwáwí ni wàá máa kọ.

Ní ti ulcer, ohun méjì ló sábà ń dá ọgbẹ́ náà: kòkòrò tí Warren rí yẹn, tí wọ́n ń pè ní H. pylori, àti oògùn ara ríro bí ibuprofen, diclofenac àti aspirin téèyàn ń lò fún ìgbà pípẹ́. Máàkì ata ò di òdo o, torí ó lè ta ọgbẹ́ tó ti wà nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ tó ní kòkòrò náà nínú kì í ní ulcer rárá. Ẹni tó fò láti “ata ni” sí “kòkòrò ni, ó parí”, àgídí kan ló fi pààrọ̀ òmíràn.

Àyẹ̀wò èémí tàbí ti ìgbẹ́ ló ń fi kòkòrò hàn, àmọ́ ó máa ń ṣìnà. Bí o bá ń lo omeprazole, oògùn tó ń dín ásíìdì inú kù, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, tàbí antibiotic láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó lè sọ pé kò sí nǹkan nígbà tí nǹkan wà. Bi dókítà kí o tó dá oògùn dúró. Ìtọ́jú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ó kéré tán antibiotic méjì pẹ̀lú oògùn tó ń dín ásíìdì kù, ọjọ́ 10 sí 14. Ọ̀pọ̀ ń dá oògùn dúró lọ́jọ́ kẹrin tí inú bá ti rọ̀. Kòkòrò tó ṣẹ́ kù á wá le sí oògùn. Ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tó bá bì ẹ̀jẹ̀, kó gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé màmá rẹ ló di ata mú, má sọ fún wọn pé irọ́ ni. “Màmá, òótọ́ ni pé ata ń ta yín nínú. Ẹ jẹ́ ká lọ wo ohun tó dá ọgbẹ́ náà síbẹ̀.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán lẹ́yìn tí oògùn bá tán, ẹ tún àyẹ̀wò ṣe. Ti ẹ̀jẹ̀ ò wúlò níbí, torí àmì kòkòrò máa ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tó ti kú. Lẹ́yìn náà, padà sí ìwé rẹ. Má pa máàkì àtijọ́ rẹ́. Fa ìlà lé e, kọ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o sì kọ déètì sí i.